German Shepherd àbí Caucasian: èwo ló bá ilé yín mu?

Ìbéèrè táwọn èèyàn máa ń bi mí jù tí wọ́n bá fẹ́ ra ajá ńlá ni pé "èwo ló burú jù nínú wọn?" Olè ló wà lọ́kàn wọn, mi ò sì bá wọn wí, bí ìlú ṣe rí yìí kò sẹ́ni tí ò fẹ́ kí nǹkan tó lágbára máa gbó lẹ́yìn géètì òun lóru. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Àwọn wo ló ń wọlé wọ̀de nílé yín? Ta ló sì máa di ajá yẹn mú lọ́jọ́ tó bá fárígá? Tẹ́ ẹ bá ti fi òótọ́ dáhùn méjèèjì yìí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tẹ́ ẹ máa rà.

Ajá méjì tó gbòde jù nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ajá olùṣọ́ àgùntàn ni màá fi wéra, ìyẹn German Shepherd táwọn bàbá wa ń pè ní Alsatian, àti Caucasian onírun púpọ̀ tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ilé ńlá ní Lẹ́kkí àti Bódìjà ń lé kiri báyìí. Màá fi ajá ìbílẹ̀ tiwa tí wọ́n ń pè ní ekuke sí i díẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa ka ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n nílò.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa

Orúkọ ló jọra, iṣẹ́ ò jọra rárá, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìyàtọ̀ tó kù ti wá.

Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ German Shepherd. Lọ́dún 1899, ọ̀gá ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz ra ajá kan, ó sọ ọ́ ní Horand von Grafrath, ajá yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé pé òun ni German Shepherd. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa da àgùntàn, kó máa sá yí wọn ká látàárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n má baà yà sínú oko olóko, ojú darandaran ló sì ń wò ní gbogbo ìgbà, tí wọ́n bá ní lọ, á lọ, tí wọ́n bá ní dúró, á dúró. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá àti ṣọ́jà káàkiri ayé fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ìdí náà nìyẹn tí wọ́n fi wà lára àwọn ajá tí wọ́n kọ́ ní Jámánì lọ́dún 1916 láti máa mú àwọn ṣọ́jà tójú wọn fọ́ lójú ogun rìn. Ogun kan náà yẹn ló jẹ́ káwọn Gẹ̀ẹ́sì yí orúkọ ẹ̀ sí Alsatian, wọn ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan tó ń jẹ́ Jámánì létí mọ́ nígbà yẹn, orúkọ yẹn làwa náà bá lọ́wọ́ wọn.

Caucasian ní tiẹ̀, orí òkè Caucasus ló ti wá, lápá Georgia, Armenia, Azerbaijan àti Dagestan, ìkookò àti béárì ló ń bá jà níbẹ̀. Òun kì í da àgùntàn o, àárín wọn ló ń gbé. Tó bá di òru, darandaran lè ti sùn lọ nínú àgọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ fún ajá yẹn pé èyí tó ń bọ̀ yìí kò dáa tàbí pé fi í sílẹ̀ ẹni wa ni, òun fúnra ẹ̀ ló máa wò ó, òun ló máa pinnu, òun náà ló máa fẹsẹ̀ ìpinnu ẹ̀ múlẹ̀. Èyí tó bá ń dúró de àṣẹ, kó tó gbọ́ àṣẹ ìkookò á ti gbé ẹran lọ. Látìrandíran ni wọ́n ti ń yan èyí tó lè dá pinnu, tí wọ́n sì ń fi í bímọ.

Torí náà tẹ́ ẹ bá pe German Shepherd tẹ́ ẹ ti kọ́ dáadáa, kíá lá yíjú sí yín. Tẹ́ ẹ bá pe Caucasian, ó gbọ́, àmọ́ ó ṣì ń rò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ ń sọ yẹn ló yẹ kóun ṣe báyìí. Kì í ṣe olóríkunkun, kì í sì í ṣe pé kò gbọ́n, bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe dá a nìyẹn, ẹgba ò sì lè yí i padà.

Àwọn tó ń wọlé

Ilé tiwa kì í gbófo. Àbúrò ìyàwó á wá lo ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ìyá ìjọ á wá gbàdúrà lọ́jọ́ Tuesday, tíṣà lẹ́sìn àwọn ọmọ á wọlé ní aago mẹ́rin, oní-gáàsì, ẹni tó ń tún pọ́ńbà ṣe, aládùúgbò tó fẹ́ tọrọ omi, gbogbo wọn ló ń gba géètì kan náà. Ibí ni mo ti máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fara balẹ̀.

German Shepherd tí wọ́n bá mú rìn láàárín èèyàn nígbà tó ṣì kéré, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 8 sí ọ̀sẹ̀ 16, máa ń kọ́ ohun kan tó wúlò gan-an: tí ọ̀gá òun bá kí èèyàn yìí, ọ̀rọ̀ ti tán. Á ṣì gbó o, á gbó gan-an, ṣùgbọ́n ojú yín lá máa wò. Èyí tí wọn ò mú rìn rárá, tó jẹ́ inú kéèjì ló dàgbà sí, òun máa ń bẹ̀rù, ajá tó sì ń bẹ̀rù ló ń ṣàdédé bu èèyàn jẹ láti ẹ̀yìn.

Ti Caucasian yàtọ̀. Ìgbà tó bá wà lọ́mọdé gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ gbé e, ó rọra, ó sanra, irun ẹ̀ ń múni lójú, àwọn ọmọ á máa sùn lé e. Tó bá fi máa di ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì ó ti ń yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé yẹn sí tiẹ̀, á máa ya ará ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Ẹni tó ń wá nígbà tó wà ní kékeré lè wá dé lọ́jọ́ kan kí ajá dìde kó dènà fún un. Wọ́n á ní ajá ti ya wèrè. Rárá o, ó ti dàgbà ni, iṣẹ́ ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yẹn.

Ilé kan wà ládùúgbò wa, Caucasian wọn mọ ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó máa ń gbé aṣọ wá fún ìyá ilé. Tí ìyá bá ti wà nílé, ajá á dìde, á gbóòórùn ẹ̀, á padà lọ dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kan ìyá ò sí nílé, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣí géètì fún un tó sì padà sí kíṣìnì, ọmọ yẹn wọlé, ajá ò ṣe nǹkan kan, ó gbé aṣọ sórí àga ní fàráńdà, ìgbà tó wá yíjú padà pé kóun máa lọ ló rí i pé ajá ti dúró sẹ́nu géètì. Kò gbó. Kò sáré bá a. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti sún ẹsẹ̀ kan síwájú ló ń kùn lábẹ́ ọ̀fun, ọmọ ọ̀dọ̀ pè é títí, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Bó ṣe jókòó sí fàráńdà nìyẹn títí ìyá fi dé. Ajá yẹn ò ṣẹ̀ o, wíwọlé ò ni ín lára, gbígbé nǹkan kúrò nílé ló ń ṣọ́. Ẹ wá fi ọmọ tíṣà lẹ́sìn yín tàbí àǹtí yín tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sípò ọmọ yẹn, kẹ́ ẹ rò ó wò.

Ti àwọn ọmọdé tún wà níbẹ̀. Méjèèjì ló máa ń fẹ́ràn àwọn ọmọ ilé tí wọ́n bá jọ dàgbà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé táwọn ọmọ yín àti ọmọ aládùúgbò bá ń ṣeré, tí wọ́n ń lé ara wọn, tí ọ̀kan ń pariwo "ẹ gbà mí o," Caucasian lè gbà á gbọ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń lu ọmọ òun. German Shepherd náà lè sáré lé wọn, á máa gé wọn jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gìgísẹ̀ torí ó ń dà wọ́n bí àgùntàn, ìyẹn ṣeé kọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn ò rọrùn láti kọ́ kúrò. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ má fi ọmọ kékeré sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ láìsí àgbàlagbà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi ti àwọn ilé Mùsùlùmí kún un, torí púpọ̀ nínú wọn ń sin ajá fún ààbò, wọn ò kàn fẹ́ kí itọ́ ẹ̀ kan aṣọ ìkírun ni. German Shepherd kì í fẹ́ jìnnà séèyàn, á máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn, á máa fi imú kan yín, tẹ́ ẹ bá ń lé e ní gbogbo ìgbà ìbànújẹ́ ló máa kó bá a. Irú ilé bẹ́ẹ̀, tí àgbàlá ẹ̀yìn bá wà, ajá tó lè dá gbé níta ló bá a mu, ekuke sì máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀ ju ajá òyìnbó méjèèjì lọ.

Ta ló máa di ṣéènì ẹ̀ mú?

Akọ German Shepherd máa ń wọn kílò 30 sí 40, gíga ẹ̀ láti ilẹ̀ dé èjìká jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 65. Abo ẹ̀ jẹ́ kílò 22 sí 32. Akọ Caucasian, kílò 50 ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn odindi àpò sìmẹ́ǹtì kan, púpọ̀ nínú wọn sì ń kọjá 60, abo ẹ̀ pàápàá kì í dín ní 45 tó bá jẹ́ ojúlówó. Àpò sìmẹ́ǹtì yẹn ló máa fò lójijì tó bá rí ewúrẹ́ lójú títì o.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi owó ránṣẹ́ láti London tàbí Houston pé kí wọ́n bá yín ra Caucasian fún Mọ́mì nílé torí òun nìkan ló ń gbé. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Mọ́mì ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, ajá tó wúwo tó wọn ò ní láti bínú kó tó ṣe wọ́n léṣe, kó kàn sáré wá kí wọn ló máa gbé wọn ṣubú. Èyí tó tún burú jù ni pé Mọ́mì kọ́ ló máa ń fún un lóúnjẹ, mégádì ni. Ta ni ajá máa kà sí ọ̀gá? Mégádì ni. Lọ́jọ́ tí mégádì bá kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé, Mọ́mì á kù sínú ilé pẹ̀lú ajá tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ọgbà yẹn, kò ní sẹ́ni tó lè wọ inú kéèjì lọ gbálẹ̀, wọ́n á máa ju oúnjẹ sí i láti òkèèrè. Mo ti rí èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, inú mi kì í dùn sí i, fún Mọ́mì àti fún ajá yẹn náà. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ ra ajá ńlá fún wọn, abo German Shepherd tó ti lé lọ́dún kan, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ ti kọ́ ní "jókòó" àti "dúró," ni kẹ́ ẹ wá, kí Mọ́mì fọwọ́ ara wọn máa gbé abọ́ oúnjẹ fún un lójoojúmọ́. Tàbí ekuke méjì. Ekuke méjì tó ń gbó lóru ń lé olè ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ilé àti ooru

Fláàtì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sí Caucasian níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. German Shepherd lè gbé inú fláàtì tí ẹnì kan bá wà tó máa mú un jáde láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó bá ti dàgbà, wákàtí méjì lóòjọ́ ni, kò sí ìyẹn, àga yín ló máa jẹ. Àṣà tá a ní níbí pé ká ti ajá mọ́ kéèjì látàárọ̀, ká tú u sílẹ̀ lóru, ó ń ba German Shepherd jẹ́ gan-an, á máa yí po lójú kan, á máa gé ìrù ara ẹ̀ jẹ, gbígbó ẹ̀ ò ní nídìí mọ́. Caucasian ò nílò kó máa sáré bẹ́ẹ̀, àyè ló ń fẹ́, àgbàlá tó fẹ̀, fẹ́ńsì gíga, géètì tó ń tì dáadáa. Ilé tí àyálégbé mẹ́rin jọ ń lo ọgbà kan, kò bá a mu, torí kò mọ ìdí tí àyálégbé kejì fi ń mú àlejò wọlé.

Irun méjì ni wọ́n ní, ti òkè àti èyí tó kí lábẹ́, fún òtútù ni. German Shepherd ń fara dà á ní Èkó tí òjìji àti omi bá wà. Caucasian ń jìyà, pàápàá láàárín February sí April tí ooru bá mú tí iná ò sì sí, ẹ máa rí i tó ń mí gúlegúle látàárọ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tútù, abẹ́ igi, omi tẹ́ ẹ ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó má sì sẹ́ni tó máa mú un rìn lọ́sàn-án. Àwọn kan máa ń fá irun ẹ̀ kanlẹ̀, kò dáa, oòrùn á jó awọ ara ẹ̀. Ẹ máa yà á ni, kí irun tó ti kú lábẹ́ máa bọ́, abẹ́ irun tí wọn ò yà yẹn ni eégbọn ń sá pamọ́ sí. Àwọn tó wà ní Jos, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀, òkè ọ̀hún tutù.

Oúnjẹ, owó, àìsàn

Owó tẹ́ ẹ fi ra ajá ni ìnáwó tó kéré jù. German Shepherd tó ti dàgbà á jẹ oúnjẹ ajá gbígbẹ tó bí ìdajì kílò lójúmọ́, àpò kílò 15 á tó o bí oṣù kan. Caucasian á jẹ àpò yẹn tán ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè é fúnra yín, ìrẹsì pẹ̀lú orí ẹja àti ẹsẹ̀ adìẹ dáa, ẹ̀bà nìkan ò lè gbé e ró. Ẹ yọ eegun adìẹ tó ti jinná kúrò, ṣe ló ń ṣẹ́ sónsó tó ń gún wọn nífun. Àjẹkù ọbẹ̀ wa náà, ẹ ṣọ́ ọ, àlùbọ́sà inú ẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ikùn German Shepherd kì í gba ìyípadà kíákíá, tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ oúnjẹ lójijì ìgbẹ́ gbuuru ló kàn.

Ọmọ ajá ńlá, ẹ má rọ́ ọ yó kó lè yára tóbi. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ẹ fún un ní kálíṣíọ̀mù kí eegun ẹ̀ lè nípọn, ẹ má dá wọn lóhùn, kálíṣíọ̀mù tó pọ̀ jù ń ba eegun irú ajá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni. Àrùn ìgbáròkó wà nínú ìran àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ bèèrè X-ray ìgbáròkó bàbá àti ìyá ẹ̀. German Shepherd tún ní èyí tó ń mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rọ tí wọ́n bá ti ń dàgbà. Inú wíwú náà ń pa wọ́n: ikùn á le gbandi, á máa fẹ́ bì, nǹkan kan ò ní jáde. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo o, ọsibítù ẹran ni, kíákíá, tẹ́ ẹ bá wà ní Ìbàdàn ti Yunifásítì wà níbẹ̀. Ẹ máa pín oúnjẹ ẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kó má sì sáré kiri tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.

Ekuke ò ní wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́, oúnjẹ ẹ̀ kéré, ooru ò dí i lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kàn nílò bíi tàwọn tó kù. Ohun tí kò ní ni ìrísí tó ń dẹ́rù ba olè láti òkèèrè.

Èwo wá ni?

Tó bá jẹ́ ilé yín kún fún èèyàn, tí ọmọdé wà, tí ẹnì kan sì wà tó ní àyè láti kọ́ ajá kó sì mú un rìn, German Shepherd ni. Tó bá jẹ́ ọgbà ńlá tàbí oko ẹran lẹ ní, tí àlejò ò pọ̀, tí ẹnì kan tó lágbára tó sì nírìírí ajá ń gbé ibẹ̀ títí, kì í ṣe ẹni tó máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀, Caucasian á ṣiṣẹ́ fún yín dáadáa. Tí ajá bá máa jẹ́ àkọ́kọ́ yín láyé, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn Caucasian láéláé. Tí kò bá sẹ́ni tó ń wà nílé lọ́sàn-án, ẹ má tíì ra èyíkéyìí.

Tẹ́ ẹ bá ti wá fẹ́ rà á, ẹ má ra ti ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ lọ sílé tí wọ́n ti bí i, ẹ ní ẹ fẹ́ rí ìyá ẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí ìyá yẹn ṣe ń ṣe sí àlejò, torí ìwà ìyá lẹ máa rí lára ọmọ. Tí wọ́n bá ní ìyá ò sí níbí, ẹ máa lọ. Ọmọ ajá ò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, èyí tí wọ́n ń tà ní ọ̀sẹ̀ 5 tí wọ́n ń pè é ní 8 pọ̀ lọ́jà, àrùn tí wọ́n ń pè ní parvo ló sì ń pa ọ̀pọ̀ wọn, á máa bì, á máa ya ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni abẹ́rẹ́ tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tún un gún lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin títí tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, tó bá pé oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Iléeṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe abẹ́rẹ́ yẹn níbí, lásìkò 28 September tó jẹ́ ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé wọ́n sì máa ń gún un lọ́fẹ̀ẹ́ níbi púpọ̀, ẹ máa fetí sí rédíò. Ajá èyíkéyìí tó bá bu èèyàn jẹ nílé yín, ì báà jẹ́ ọmọ ajá tó ń ṣeré, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi epo tàbí ata sí i, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an.